Báwo ni ẹ ṣe ń kọ àlàyé fún ètò dátà inú láíbìrì jiọ́mẹ́tírì?

Olùbéèrè, Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Àwa mẹ́rin ni a jọ ń kọ láíbìrì kékeré kan ní èdè C++ fún ìṣirò ààlà ilẹ̀. Ó ń gba àwọn orígun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń so wọ́n pọ̀ di onígun púpọ̀, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ méjì ti gun ara wọn, ó sì ń fi àwọn onígun mẹ́ta tẹ́ ojú ilẹ̀ kí a lè mọ ibi tí àgbàrá yóò gbà. Kóòdù náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ àlàyé tí a kọ sí i kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa pa ìlà ààlà kan rẹ́, kò sì mọ̀ pé ìlà náà ní ẹnìkejì tí ó yẹ kí ó bá a lọ. Pùrógíráàmù náà kò dákú lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹta, nígbà tí a fẹ́ ka iye ilẹ̀ tí ó wà ní àdúgbò kan, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yí po bí ẹni tí ó sọnù sínú ọjà, títí iná fi lọ. Mo bi ọmọ náà bóyá kò ka àlàyé ni, ó sì ṣí i hàn mí. Ohun tí èmi fúnra mi kọ síbẹ̀ ni pé: “next() ń dá ìlà tí ó kàn padà.” Ojú tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ kọ nípa ètò dátà, kí ni ẹ máa ń fi sílẹ̀, báwo sì ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé àlàyé náà ti tó?

Olùkọ́ Ìṣirò, Àgbowó

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, àbúrò. Àlàyé tí ó kàn ń tún orúkọ function pè kún inú kóòdù gbogbo wa. A máa ń ṣàlàyé ohun tí function kọ̀ọ̀kan ń ṣe, bẹ́ẹ̀ òfin tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni ẹni tí ń kà á ń wá. Ní tèmi, ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nípa ètò dátà náà nígbà gbogbo ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí iṣẹ́ tí ó lè ba òótọ́ náà jẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kí àwọn function tó wọlé.

Láti inú ohun tí o sọ, half-edge ni ẹ ń lò, ètò dátà tí ó pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìhà méjì, irú èyí tí Muller àti Preparata gbé jáde ní 1978. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, nítorí pé àwọn ètò mìíràn wà tí ó jọ ọ́: winged-edge ti Baumgart wà ṣáájú rẹ̀, quad-edge ti Guibas àti Stolfi sì dé ní 1985. Ẹni tí ó bá ti ń lo ọ̀kan nínú wọn yóò gbé òfin tirẹ̀ wá sínú ilé yín láìmọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé half-edge fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Ẹ fojú inú wo agbo-ilé àtijọ́ kan ní Òkè Mápó, tí yàrá fara ti yàrá. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá bàbá àti yàrá ìyá, ṣùgbọ́n ìhà méjì ni ògiri náà ní, ọ̀kan kọjú sí bàbá, ọ̀kan kọjú sí ìyá. Ìhà ògiri yẹn ni half-edge, yàrá ni a ń pè ní ojú. Bí bàbá bá fi ọwọ́ ọ̀tún ra ògiri, tí àárín yàrá sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tí ó wá ń rìn lọ, yóò yí ní òdìkejì ọwọ́ aago títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Next ni ìgbésẹ̀ láti ìhà ògiri kan sí èyí tí ó tẹ̀ lé e nínú yàrá kan náà, kò sì sí bí next ṣe lè gbé bàbá dé yàrá ìyá. Twin nìkan ni ó ń gbé ènìyàn kọjá sí ẹ̀yìn ògiri. Nísinsìnyí, bí òpó bá dúró láàárín yàrá, tí bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún kan náà ra òpó yẹn, tí ó sì ń yí i ká, yóò rí i pé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni òun náà ń yí. Ìdí nìyẹn tí ihò inú ilẹ̀ fi ń gba òdìkejì ọ̀nà tí ààlà ìta ń gbà: òfin kan náà ni, kì í ṣe òfin méjì. Ẹni tí ó dúró sí ìta agbo-ilé pẹ̀lú ní ojú tirẹ̀, ojú tí kò lópin, àwọn olùkọ kóòdù a sì máa gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú náà wà.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà lókè àlàyé yín kò ju márùn-ún lọ. Bí a bá pe half-edge kan ní e, twin ti twin e ni e fúnra rẹ̀. E kì í ṣe twin ara rẹ̀. Prev, tí ń padà sí ìhà tí ó ṣáájú: prev ti next e ni e. Ojú next e ni ojú e. Orígun tí next e ti bẹ̀rẹ̀ ni orígun tí twin e ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọkùnrin yẹn ti rí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú wọn ni, kò ní pa ìhà ògiri kan rẹ́ kí ó fi ìhà kejì sílẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán kékeré kan tí ọwọ́ lè kà. Ẹ mú igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba, ẹ fi àmì kan sí àárín, kí ẹ so àmì náà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orígun márùn-ún ni, ìlà mẹ́jọ, half-edge 16, ojú márùn-ún bí ẹ bá ka ti ìta mọ́ ọn. Òfin Euler, pé orígun yọ ìlà, kí a fi ojú kún un, jẹ́ méjì, sì jáde kedere: márùn-ún yọ mẹ́jọ, kí a fi márùn-ún kún un, méjì ni. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí abẹ́ àwòrán náà. Ẹni tí ó bá kà á, tí ó rí half-edge 12 péré nínú tirẹ̀, yóò mọ̀ pé òun ti gbàgbé àwọn ti ìta.

Awọnlẹ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọpọlọ, Olùkọ́. Èmi kì í kọ kóòdù, èmi ni ẹni tí ń jìyà rẹ̀. Ibi tí àlàyé ti máa ń já mi kulẹ̀ ni ìtumọ̀ nọ́ńbà tí ó wà nínú ètò náà. “Point ní x àti y” kò sọ nǹkan kan fún mi. X wo? Ṣé mítà ni àbí dígírì? Láti ibo ni a ti ń kà á?

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7.38 sí àríwá àti 3.95 sí ìlà oòrùn. Láíbìrì kan tí mo lò nígbà kan kò sọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Mo fún un ní ti àríwá ṣáájú, ó gbà á láìjanpata, ó sì gbé ilẹ̀ oníbàárà mi lọ sínú òkun ní gúúsù Bonny. Ẹ̀rín pa mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ká ní àwòrán náà ti dé ọwọ́ oníbàárà ni, ẹkún ni ì bá dá. Ìlànà GeoJSON, irú fáìlì tí a fi ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀, tí a mọ̀ sí RFC 7946, tí ó jáde ní 2016, sọ ọ́ ní gbangba pé ti ìlà oòrùn ni ó ń ṣáájú, ó sì tún sọ pé ààlà ìta ń yí ní òdìkejì ọwọ́ aago. Shapefile, irú fáìlì ilẹ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ ń yí ààlà ìta bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí láíbìrì yín bá ń gba méjèèjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò yí i padà: ṣé ẹ̀yin ni, àbí èmi?

Ẹ sọ irú nọ́ńbà tí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú. Ní UTM, ìlànà tí ń fi mítà ka ipò lórí ilẹ̀, ní ìpín 31, ìlú wa wà ní nǹkan bí 605,000 mítà sí ìlà oòrùn àti 816,000 mítà sí àríwá. Bí ẹ bá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú float oní-bíìtì 32, irú nọ́ńbà oníkọ́má tí ó gba àyè kékeré, ìgbésẹ̀ tí ó kéré jù tí ó lè gbé ní ibẹ̀ jẹ́ 0.0625 mítà, ìyẹn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Òpó ààlà tí mo fi ọwọ́ ara mi rì mọ́lẹ̀ yóò ṣí kúrò láàyè rẹ̀ lórí bébà, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Double, tí ó ní bíìtì 64, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Gbólóhùn kan péré nínú àlàyé ì bá ti tó.

Ọ̀kan tí ó kù ni ọ̀rọ̀ orí ààlà. Òpó ààlà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé inú ilẹ̀ ni ó wà àbí òde? Nínú Shapely, láíbìrì jiọ́mẹ́tírì Python tí láíbìrì GEOS wà lábẹ́ rẹ̀, bí a bá bi í bóyá òpó wà nínú ilẹ̀, contains yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, covers yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ yóò pàdánù gbogbo òpó rẹ̀ níbi tí ó ti ń kà wọ́n. Àwọn aládùúgbò ti lọ sí kóòtù lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kóòdù, Ring Road

Ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn ni ọjọ́ ikú. Mo ń sọ nípa atọ́ka (pointer), ohun tí ó ń di àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà mú. Bí mo bá di atọ́ka sí orígun kan mú, tí mo wá fi orígun tuntun kún un, ṣé atọ́ka tí ó wà lọ́wọ́ mi ṣì ń tọ́ka sí ibi tí ó ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀? Bí ó bá jẹ́ std::vector, àkójọ C++ tí ń dàgbà, ni ẹ kó wọn sí, nígbà tí àyè bá kún, gbogbo ẹrù yóò kó lọ sí ilé tuntun, atọ́ka mi yóò sì máa kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ipò kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni kẹ́ta lórí ìlà ṣì ni ẹni kẹ́ta.

Èyí ni ó yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ function kọ̀ọ̀kan tí ń yí nǹkan padà: ohun tí ó bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ àti ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ lọ wo bí àwọn tí ń kọ CGAL, láíbìrì jiọ́mẹ́tírì C++ ńlá kan, ṣe ń ṣe é. Ọdún 1996 ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, wọ́n sì ti ṣe gbogbo àṣìṣe tí ẹ fẹ́ ṣe. Nínú Surface_mesh wọn, tí ó jẹ́ half-edge, bí o bá pa orígun kan rẹ́, wọ́n kàn sàmì sí i pé ó ti kú ni, ó ṣì wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà títí o ó fi pe collect_garbage, tí ń kó òkú dànù, bí o bá sì ti pè é, nọ́ńbà ipò tí o ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má tọ́ka sí ẹni tí o rò mọ́. Wọ́n kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n tún pín àlàyé wọn sí méjì: ìwé tí ènìyàn lè jókòó kà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ní àwòrán àti àpẹẹrẹ, àti ìwé tí a kàn ń ṣí wá ohun kan nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná. Mo rò pé ìpín méjì yẹn ló yẹ ẹ̀yin náà, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ mẹ́rin péré, nítorí pé ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí ó ń kánjú kì í ka nǹkan bákan náà.

Ní ti àkókò, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ìgbà tí iye náà kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní k-d tree, igi tí ń pín àmì sí ìhà kí wíwá wọn lè yá, irú èyí tí Bentley gbé kalẹ̀ ní 1975, tí ẹ sì kọ pé wíwá àwọn àmì inú àpótí kan ń gba √n (n ni iye gbogbo àmì) pẹ̀lú iye ohun tí a rí, ẹ fi kún un pé igi tí ó dúró déédéé nìkan ni ìlérí yẹn wà fún, àti pé kíkó àmì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lè mú kí igi náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ Òjòó

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè. Igun mẹ́rin tí Olùkọ́ yà, bí a bá yọ àmì àárín rẹ̀ kúrò, tí a sì ní kí láíbìrì fi onígun mẹ́ta pín in ní ìlànà Delaunay, èyí tí kì í jẹ́ kí orígun kankan bọ́ sínú òbírí tí ó yí onígun mẹ́ta kan ká, ìlà àárín méjèèjì ló bá òfin mu, nítorí pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí òbírí kan náà. Láíbìrì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ń mú ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà mi, ó ń mú ìkejì ní ti ọ̀rẹ́ mi. Ṣé àṣìṣe ni?

Olùkọ́ Ìṣirò, Àgbowó

Kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò, ọmọ mi. Àṣìṣe àlàyé ni. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ pé: “Bí orígun mẹ́rin bá wà lórí òbírí kan, a kò ṣèlérí èyí tí a óò mú,” tàbí kí wọ́n sọ ìlànà tí wọ́n fi ń yàn. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n dákẹ́. Ohun tí wọ́n lè ṣèlérí láìbẹ̀rù ni iye: fún orígun n, tí h nínú wọn wà ní etí ìta, tí gbogbo wọn kò sì sí lórí ìlà kan ṣoṣo, onígun mẹ́ta yóò jẹ́ 2n − 2 − h. Fún igun mẹ́rin yín, méjì ni, èyíkéyìí tí a bá mú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà oníkọ́má ni ó ń dá ìdájọ́ náà láìsí ìṣọ́ra, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tí ń sọ pé 0.1 àti 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004 lè sọ pé àmì kan wà lọ́wọ́ òsì ìlà nígbà tí ó jẹ́ pé orí ìlà gan-an ni ó wà. Shewchuk gbé ìlànà ìdájọ́ tí kì í ṣìnà jáde lórí èyí ní 1997, ọ̀pọ̀ láíbìrì sì ń lo ìlànà rẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá lò ó, ìyẹn gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù láti kọ.

Ìyá Ìbejì, Sángo

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ kọ àlàyé náà ní Yorùbá fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, twin ti ní orúkọ láti ilé: ìbejì. Ojú ni face, orígun ni vertex. Ẹ má fi tipátipá túmọ̀ half-edge àti iterator (ohun tí ń rìn lórí àwọn ẹ̀yà àkójọ lọ́kọ̀ọ̀kan), ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú kóòdù, kí ẹni tí ń wá wọn lè rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe half-edge méjèèjì ní Táíwò àti Kẹ́hìndé bí mo ṣe rí i níbì kan. Èmi tí mo bí wọn mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Nínú half-edge, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Ọmọ kan yóò ka orúkọ yẹn, yóò sì rò pé ti Kẹ́hìndé ni ó ń gbé ìsọfúnni ilẹ̀.

Bàbá Kóòdù, Ring Road

Òótọ́ ni, mà. Bí ẹ bá tilẹ̀ tò wọ́n ní méjì méjì, 0 pẹ̀lú 1, 2 pẹ̀lú 3, tí e XOR 1, tí ń yí bíìtì ìkẹyìn padà, sì ń fún yín ní ìbejì rẹ̀ láìsí atọ́ka kankan, ẹ kọ ọ́ bóyá ẹni tí ń lò ó lè gbára lé e, tàbí pé ọ̀ràn inú ilé ni, tí ẹ lè yí padà lọ́la. Ohun tí ẹ kò bá sọ, wọn yóò gbára lé e.

Àpẹẹrẹ inú àlàyé ńkọ́? Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi í sínú fáìlì tí a ń kọ́ (compile) pẹ̀lú kóòdù yòókù, kí Doxygen, irinṣẹ́ tí ń ṣe ìwé àlàyé láti inú kóòdù, fi \snippet fà á wọlé. Ní ọjọ́ tí ẹ bá yí orúkọ function padà, àpẹẹrẹ yóò kọ̀ láti kọ́, ẹ ó sì mọ̀ kí oníbàárà tó mọ̀.

Olùbéèrè, Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo jókòó lálẹ́ àná, mo tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

“Half-edge jẹ́ ìhà kan nínú ìlà ààlà, ojú ilẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní méjì, tí wọ́n jẹ́ ìbejì ara wọn. A máa ń dá wọn papọ̀, a sì máa ń pa wọ́n rẹ́ papọ̀. next(e) wà lójú kan náà pẹ̀lú e, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí e parí sí. Ààlà ìta ilẹ̀ ń yí ní òdìkejì ọwọ́ aago, ti ihò ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ojú 0 ni ìta tí kò lópin, kì í sì í parẹ́. Mítà ni ìwọ̀n, ìlà oòrùn ni ó ń ṣáájú, double ni a fi pa wọ́n mọ́. add_vertex kì í ba nọ́ńbà ipò kankan jẹ́. remove_edge(e) ń pa e àti ìbejì rẹ̀ rẹ́, ó sì ń so ojú méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.”

Ọmọkùnrin yẹn kà á, ó sì ní òun ì bá má ti ṣe ohun tí òun ṣe.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àgbowó

Ó ti dára jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun méjì ló kù nínú gbólóhùn ìkẹyìn. Bí ojú méjì bá di ọ̀kan, èwo ló kù nínú wọn? Ilẹ̀ ni ẹ ń kọ, orúkọ onílẹ̀ wà lára ojú kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá parẹ́ yóò gbé orúkọ tirẹ̀ lọ. Èkejì: bí ojú kan náà bá wà ní ìhà méjèèjì e ńkọ́, bí afárá tí ó so ihò mọ́ ààlà ìta? Kò sí ojú méjì tí ẹ ó so pọ̀ níbẹ̀. Ààlà kan ṣoṣo ni yóò já sí méjì.

Olùbéèrè, Bódìjà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ka kóòdù náà ni, sà. Ojú tí ó wà lọ́wọ́ òsì e ni ó ń kù, orúkọ ti ìkejì sì ń sọnù láìsí ìkìlọ̀. Ti afárá ni a kò ronú kàn rárá. Ó ń pa ilẹ̀ náà rẹ́ pátápátá. Mo ti kọ ti àkọ́kọ́ sínú àlàyé. Ti èkejì, kóòdù ni mo ń tún ṣe báyìí, kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀.